Ààwẹ̀ Ìyá Aránṣọ

Aránṣọ náà ń di ẹrù. Ọkọ tó lù ú títí tó fi sá wálé ti dé síta, ó ń fọn fèrè mọ́tò. Kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn látìgbà náà, ó sì ti gbẹ bí igi ìdáná.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Mò ń padà lọ. Àdúrà yín ti gbà.”

“Àdúrà wo?” Ìyá wọ́sẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. “Ṣé o rò pé kí o lè padà ni mo ṣe ń febi pa ara mi? Kó má rí ọ mú lọ ni.”

Aránṣọ náà ju báàgì sílẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.