Àdúrà Ìparí Ìjà ní Ilare

Ọjọ́ kejìlélógún tí àká kòkó Láoyè jóná ni ìyá wọn ránṣẹ́ sí Adéagbo pé òun ń kú lọ. Adéagbo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Enuwa. Ó fi bùbá oníbùbá sílẹ̀ ní àránkù, ó sì forí lé ilé ìyá wọn ní Ilare.

Ó ti ń sún mọ́ ọdún méjì tó ti wọ ilé náà kẹ́yìn. Láoyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ ní àdúgbò; Alákùkọ, ẹgbẹ́ alátakò wọn, ni Adéagbo wà. Nídìí oúnjẹ Kérésìmesì ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ti dìjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Láoyè ní ẹni tó bá fẹ́ kọ bí àkùkọ, kó lọ sùn sí ilé adìẹ. Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ife kan náà ni wọ́n ń mu níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n ẹnì kan á dúró títí ẹnì kejì á fi kúrò níbi pẹpẹ.

Nígbà tí ìbò 1956 ku ọ̀sẹ̀ méjì ni àká náà jó. Àjàgbé, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ọ, sùn sínú rẹ̀, ó sì jóná mọ́ kòkó. Láoyè dúró ní gbangba ní Enuwa, ó ní àbúrò òun àti àwọn Alákùkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ìlú, wọ́n sì fi ìbò ṣàánú rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wọlé. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹni tó bá dáná yẹn, ìjọba yóò yẹgi fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pe Adéagbo. Ilé ló wà lóru ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ta ni í ka ẹ̀rí ìyàwó ẹni sí?

Comfort ìyá wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bora dé ọrùn nínú ooru. Abọ́ iyán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ fóó. Inú Adéagbo dùn pé ó ṣì lè jẹun.

Ìyá rẹ̀ ní òun kò béèrè ju ohun kan lọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí òun rí ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ kí òun tó lọ. Ó ní Láoyè ti gbà láti wá sí àdúrà ìparí ìjà ní ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n Láoyè ní ẹni tí kò jẹ́wọ́, kí ni òun fẹ́ dárí rẹ̀ jì?

"Màmá, èmi kọ́ ni mo dáná sun ún."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣáà gbà á fún mi. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níbi àdúrà, Ọlọ́run nìkan ló ń gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Adéagbo. Nílé wọn, bí ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ jẹ̀bi, àbúrò ni yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á tó bá ẹ̀gbọ́n wí ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí Láoyè fọ́ ìkòkò omi ní kékeré, Adéagbo ló bẹ̀bẹ̀. Bíbẹ̀ náà kò pa á. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí aṣọ, àánú rẹ̀ ṣe é gidigidi, ó sì gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Ìjọ Fákúnlé wá pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. Ọkùnrin méjì kan ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyá wọn ní onígbàgbọ́ ni wọ́n, láti Ìlódè, wọ́n wá bá òun gbàdúrà. Láoyè wọlé kẹ́yìn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn orin, Adéagbo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni mo dáná sun àká yín. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá wọn húkọ́. Ó ní etí òun ti di, kó sọ ọ́ sókè, kó sì dárúkọ Àjàgbé, torí ẹ̀jẹ̀ òkú náà ń fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Adéagbo tún un sọ ketekete, ó dárúkọ Àjàgbé. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe àmín.

Láoyè bú sẹ́kún. Ó wólẹ̀, ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó ń wí pé, "Dárí jì mí, dárí jì mí." Ẹnu ya Bàbá Ìjọ pé ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ló tún ń bẹ̀bẹ̀. Inú Adéagbo dùn dé góńgó. Kò mọ̀ pé òun ti ṣàárò ẹ̀gbọ́n òun tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Adéagbo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ará Ìlódè gbá a léjìká mú. Ó ní sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni òun, àwọn méjèèjì sì ti fetí ara àwọn gbọ́ ọ. Adéagbo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjà lòun fi ọ̀rọ̀ náà parí, kí wọ́n bi ìyá òun. Bàbá Ìjọ tó bá a jáde na Bíbélì rẹ̀ sí wọn, ó ní àdúrà ni àwọn ń ṣe. Adéagbo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà wọlé, kí ìyá òun sọ òtítọ́ kí ikú tó pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ilé náà kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, nítorí náà wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ní kó yára.

Ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì rí ìyá rẹ̀ tó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó ń fi etí ìró nu ojú Láoyè, tó ń sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Dákẹ́, ọmọ mi, ìwọ kò kúkú mọ̀ pé Àjàgbé sùn sínú rẹ̀ nígbà tí o ṣáná sí i."