Ẹ Bá Wa Kí Ìyá Ọlá

Àárọ̀ Sátidé ni. Fẹ́yìsayọ̀ nìkan ló wà nínú ilé rẹ̀ ní Mount Hope, ní New York, ó di fóònù mú.

Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń wá àlàáfíà sílùú wọn nílé, nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín wọn àti ìlú kejì.

Ìdájí òní ni wọ́n pa Ọlá tó jẹ́ tíṣà, lójú ààlà.

Kúnmi, olórí àwọn ọ̀dọ́, ń pariwo lórí fóònù. Kò mọ Fẹ́yìsayọ̀ lójú rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Akọ̀wé, a ti kó àdá jáde. A ń lọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ìyá ẹlòmíì lẹ máa pa lẹ́kún."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí New York, kí ló kàn yín?"

Fẹ́yìsayọ̀ ṣáà ń bẹ̀ ẹ́, fún wákàtí méjì gbáko.

Níkẹyìn, Kúnmi mí kanlẹ̀. "Ó dáa, a ò lọ mọ́. Ẹ bá wa kí ìyá Ọlá. Mo gbọ́ pé New York náà ni wọ́n wà."

"Màá bá ẹ jíṣẹ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó ráyè sunkún ọmọ rẹ̀.