Àlejò Tí Kò Dáhùn

Obìnrin tó ni ilé àlejò náà kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń dùn ún, ọkùnrin tó wà nínú yàrá kò dáhùn.

"Àná ló ní àyà ń dun òun," ló sọ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. "Mo gbé!"

Látìgbà táwọn èèyàn ti ń wá wo omi tó ń já látorí àpáta wọn ni ìlú ti rí ọ̀dà, iná àti ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àlejò kú síbẹ̀, ta ni yóò tún wá?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gbé òkú ẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé," ni àbúrò rẹ̀ rọra wí. "Ká gbé e sí ìdí àpáta. Wọ́n á rò pé ó yọ̀ ṣubú ni."

"Tí wọ́n bá rí wa ńkọ́?"

"Ta ló máa rí wa? Ẹ fún mi ní irin yẹn."

Ó fi irin já ilẹ̀kùn. Àlejò náà ti gun ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ kan nínú, ọ̀kan níta. Ọ̀rọ̀ wọn ló jí i lójú oorun. Ó rí irin, ó figbe ta, ó sì bẹ́ jáde.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ pa mí!"

"Ẹ dúró, sà! A rò pé ẹ ti kú ni!"

Ṣùgbọ́n ó ti dé títì, níbi tí bọ́ọ̀sì tó kún fún àlejò ti ń bọ̀. Dírẹ́bà dúró, ó fà á wọlé, ó sì ṣẹ́rí bọ́ọ̀sì padà, òun àti gbogbo àlejò tó ń kó bọ̀ wá sí ìlú náà.