Dwight Hauck Tí Kò Lè Fi Ìbọn Sílẹ̀

Aláìgbọràn ni Dwight Hauck, kò sì ní sùúrù rárá. N ò ní fi bò, torí àwọn kan ládùúgbò wa ní Pennsylvania ṣì ń sọ pé èèṣì ló ṣe é. Èèṣì wo? Ojú mi ló ṣe!

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ ayìnbọn wa máa ń díje. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín pátákó jù ló ń gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan lọ sílé. Ẹran lásán ni, ṣùgbọ́n iyì rẹ̀ pọ̀. Màmá Verna Kratz, opó tó ń bójú tó pápá ìyìnbọn wa, ló sábà máa ń gbà á, ó sì ń dun Dwight wọ egungun.

Dwight ra ìbọn tuntun, irú èyí tó ń ki ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín. Ó ra awò olówó ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán gbé lé e lórí. Síbẹ̀, ọta rẹ̀ ń fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ.

Màmá Verna ní, “Dwight, ìbọn yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ lo máa ń fà á tìbínú tìbínú. Mí síta, kí o rọra fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

“Màmá, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Ibi tí ìka ń fà yẹn ló le jù. Màá tún un ṣe.”

“Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe o.”

“Ṣé ọ̀lẹ lẹ fi mí pè ni?”

Ó wọ gáréèjì rẹ̀ lọ, ó fi ayùn kékeré fá irin inú ìbọn náà. Nígbà tó padà dé pápá, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta méjì jáde! Màmá Verna lé e lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Dípò kó gbé ìbọn náà lọ fún oníṣẹ́, nọ́ọ̀tì kan péré ló fún mọ́ ọn.

Merle, àbúrò ìyàwó rẹ̀, bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbé e fún oníṣẹ́?”

“Àbí kí lo rò? Ó ti tún un ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sọ fún Màmá Verna tó fi jẹ́ kó padà wọ pápá.

Lórí pápá wa, bí wọ́n bá ti ké pé “Ìbọn sílẹ̀!”, gbogbo wa á yọ ọta, a ó ṣí ibi tí ọta ń gbà wọnú ìbọn sílẹ̀, a ó fi ìbọn sórí tábìlì, a ó bọ́ sẹ́yìn ìlà pupa, kí àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ìwé ara pátákó lè lọ. Títí wọ́n á fi padà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, kódà láti nu eruku ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje ọdún yẹn, ọta Dwight wọ àárín pátákó fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé, nígbà tí Màmá Verna ké, ó ṣí ìbọn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ọta tó kù. Merle sáré lọ pààrọ̀ ìwé. Dwight na ọwọ́ kọjá ìlà pupa.

Màmá Verna pariwo, “Dwight! Ọwọ́ kúrò!”

“Háà, ẹ̀yin náà! Awò lásán ni mo fẹ́ wò.”

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bó ṣe gbé ìbọn náà báyìí, irin rẹ̀ gbá padà, ó ti ọta wọlé, irin tó fá yẹn kò sì dì í mú mọ́, ìbọn dún láìsí ìka tó fà á. Merle ṣubú lulẹ̀ nídìí pátákó, ó ń ké.

Merle ò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Òrùlé ló ń kàn tẹ́lẹ̀. Kò lè gun àkàbà mọ́. Adájọ́ sọ Dwight sẹ́wọ̀n, ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn mọ́ láyé. Ìyàwó Dwight kó kúrò nílé, ó lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí Dwight jáde, ó lọ bẹ Merle. “Àbúrò mi, èèṣì ni.”

Merle wò ó láti ẹnu ọ̀nà. “Mo bi yín, ẹ purọ́ fún mi. Ká ní ẹ sọ òótọ́ ni, ṣé màá lọ síwájú ìbọn yín?” Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fojú kékeré wo òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ẹ má purọ́ pé ẹ ti tún ohun tí ẹ kò tún ṣe ṣe. Ẹni tó bá ń wá ògo, kó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí ẹni tí kò gba ìmọ̀ràn lè fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ san gbèsè agídí rẹ̀.