Àwọ̀ Eérú Inú Fíìmù

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá pa àwọ̀ eérú yìí rẹ́, àìsàn náà ò ní hàn mọ́. Òun ni dókítà ń wò."

Oníkọ̀ǹpútà ló ń bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tudun Wada; ó ti gbé fíìmù tí ọsibítù fi ya inú orí ìyàwó aránṣọ náà sórí ẹ̀rọ.

"Haba! Dókítà ti wò ó. Ó ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Bá mi pa á rẹ́, kí ìyàwó mi lè rò pé ara òun ti yá."

Oníkọ̀ǹpútà ka orúkọ tó wà létí fíìmù náà: Sìkírátù. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti gbé fíìmù kan náà wá láàárọ̀, tó ní kó pa eérú náà rẹ́, kí ọkọ òun má baà mọ̀.

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Rárá, sà," ló dáhùn, ó sì tẹ èyí tó ti pa eérú rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ jáde fún un.