Ṣọkọ Iwájú Ilé Ìyá Dékẹ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ kan lù ú, kí ẹsẹ̀ tí mo fi rin gbogbo ọ̀nà ayé má gbé mi délé mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa.

Ní abúlé Aráròmí-Òkè, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Morádékẹ́, Dékẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kò mọ ìmẹ́lẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ìwàǹwára rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ó bá gbé omi kaná, yóò ti ṣí ìkòkò wò kí iná tó mú. Bí ó bá sì rí koríko kan níwájú ilé, àfi kó gbé ọkọ́.

Ìyá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà oko ni màmá ti kọ́kọ́ ká èso ṣọkọ, irú èyí tó ń dá hù láìsí ẹni tó gbìn ín. Ó fọ́n ọn síwájú ilé. Ọdọọdún ni ṣọkọ ń hù, tí yóò tanná, tí yóò kú. Ọdọọdún náà ni màmá ń gbọn èso rẹ̀, dúdú, ó ń dán bí ẹyinjú eku, sínú àdó kékeré. Ẹlòmíràn a já ewé rẹ̀ sọbẹ̀ kó tó tanná. Màmá ní tirẹ̀ a fi í sílẹ̀ títí òdòdó rẹ̀ yóò fi nà sókè, funfun nísàlẹ̀, tí orí rẹ̀ á pọ́n bí osùn.

"Ìyá Dékẹ́," Bàbá Láníyonu aládùúgbò wọn a máa yọ ọ́ lẹ́nu, "ọbẹ̀ lẹ fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́! Ẹ já díẹ̀ fún wa ká fi jẹ iyán."

"Ẹ fi ojú jẹ ẹ́," ni èsì màmá.

Áà, ìrọ̀lẹ́ ìgbà náà! Dékẹ́ ọmọdé a jókòó sáàárín òdòdó, oyin a máa kùn lókè orí rẹ̀, èéfín igi ìdáná a máa rú wá láti ẹ̀yìnkùlé. Títí tó fi dàgbà, kò sí ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí màmá yóò fi dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà oko, ṣọkọ ibẹ̀ ti run. Ìwọ̀nba tó wà nínú àdó ló kù. Màmá fi àdó lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Má tíì ro ó. Jẹ́ kó sọ orúkọ ara rẹ̀." Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi dákẹ́. Dékẹ́ rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó fọ́n gbogbo èso náà síwájú ilé, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Láràárọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ṣé o fẹ́ fi ọwọ́ fà á jáde ni?" Bàbá Láníyonu fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ewé wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ yọ. Dékẹ́ wò ó, ó pòṣé. "Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún nìyí!" Bẹ́ẹ̀ ni èpò yìí àti ṣọkọ jọra bí ìbejì nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré. Ó gbé ọkọ́, ó ro ó mọ́lẹ̀ fínnífínní, ó tún gbá ibẹ̀.

Bàbá Láníyonu jáde tòun ti pákò lẹ́nu. Ó wo ilẹ̀, ó yọ pákò. "Dékẹ́, tẹ̀tẹ̀ wo ló ń hù kìkì ibi tí èèyàn fọ́n èso sí?"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Dékẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni pé ìyá rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ṣùgbọ́n ọlọ tí màmá fi ń lọ ata wà lẹ́bàá ògiri, ọkọ́ kò ráyè dé abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ewé kan ṣoṣo yọ létí ọlọ náà. Ta ni yóò mọ̀ bóyá tẹ̀tẹ̀ ni, bóyá ṣọkọ ni? Ọwọ́ ń yún Dékẹ́. Yóò gbé ọkọ́, yóò rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, yóò tún gbé e padà.

"Ó ti sọ̀rọ̀?" Bàbá Láníyonu, tí Dékẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ màmá fún, a béèrè lókè ọgbà.

"Kò tíì sọ̀rọ̀, Bàbá."

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Dékẹ́ ṣílẹ̀kùn, orí òdòdó náà ti pọ́n bí osùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti ọlọ ìyá rẹ̀, oyin kan sì dé.

Èso ṣọkọ kan yẹn ni ó gbọn sínú àdó. Lọ́dún kejì, iwájú ilé kún, àwọn ọmọ Dékẹ́ sì ń jókòó síbi tí òun náà ti jókòó rí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kánjú dájọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ìbáà ṣe ewéko, ìbáà ṣe ọmọ ènìyàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Dékẹ́ sọ kẹ́yìn nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀: "Má tíì ro ó. Jẹ́ kó sọ orúkọ ara rẹ̀."