Múìnátù àti Ẹja Ìsàlẹ̀ Ìkòkò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ ti Múìnátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé nílùú òyìnbó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ọwọ́ rẹ̀ há, pàápàá tó bá di oúnjẹ ilé. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i láti Ẹ̀pẹ́, inú fìríìsà ló ń wọ̀ lọ tààrà, yóò sì pẹ́ kó tó jáde. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ o. Àárò ilé ló ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti fojú kan ìyá rẹ̀.

Lọ́dún kan, nígbà tí ìgbà ìwọ́wé ń parí lọ, tí òtútù ti ń mú, Gàníyù ọkọ rẹ̀ háyà ọkọ̀ kan tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn-àjò tí wọ́n tún ń sùn sínú rẹ̀. Tọkọtaya náà kó àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì, Ṣúkúrà àti àbúrò rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà àríwá lọ. Múìnátù gbé ẹja àrọ̀ yíyan tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ dání. Èyí tó kù nìyẹn.

Etí adágún omi ńlá kan ni wọ́n dúró sí. Bí Múìnátù ti rí omi náà, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló sọ sí i lọ́kàn, omi sì lé sí i lójú. Ó se ìrẹsì, ó se ọbẹ̀ ata, ó da ẹja ìyá rẹ̀ sí i. Ẹ wo òórùn! Àwọn ọmọ ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

Wọ́n gbé tábìlì síta kílẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló tún wà níbẹ̀, ó ti gbó, bàbá òyìnbó kan sì dá jókòó níwájú rẹ̀. Múìnátù kí i, ó sì sọ ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń sọ: "Bàbá, ẹ wá bá wa jẹun o."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílé wa, "Á gba ibi ire" ni ẹni tí a pè máa wí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ló kọ́ bàbá òyìnbó nìyẹn? "Ẹ ṣeun púpọ̀," ló wí. Ló bá gbé àga rẹ̀, ó wá jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Gàníyù. Àyà Múìnátù já. Kíá, ó ti fi ṣíbí ti ẹja sísàlẹ̀ ìkòkò, ó bu ìrẹsì àti omi ọbẹ̀ fún bàbá, ó sì dé ìkòkò padà.

"Ìyá Ṣúkúrà, ẹja ńkọ́?" Gàníyù rọra bi í lédè Yorùbá.

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ràn, Dádì Ṣúkúrà. Ṣé ó mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀ ni?"

Bàbá jẹun. Ata ń ta á, imú rẹ̀ ń ṣomi, síbẹ̀ ó jẹ àwo náà mọ́ féfé. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa ń wá síbí lọ́dọọdún, bí ewé bá ti ń wọ́. Látìgbà tó ti kú, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè mí jẹun. Mo ti ta ọkọ̀ yẹn. Ọ̀la ni mo máa gbé e fún ẹni tó rà á."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Múìnátù lára. Ó fẹ́ ṣí ìkòkò, ṣùgbọ́n ojú tì í: kí ló máa ní òun ń dé e mọ́lẹ̀ fún? Ó ní tílẹ̀ bá mọ́, òun á gbé ẹja lọ bá a.

Láàárọ̀, ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó ṣa ibi tó dára jù nínú ẹja náà sínú àwo, ó jáde. Bàbá ti lọ. Ewé gbígbẹ bo gbogbo ilẹ̀, àfi ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí. Múìnátù dúró síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹja náà tán, kò rántí pé ó dùn.

Nígbà tó délé, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá yẹn ti máa ń jẹun ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá ń kọjá á sì yà.

"Màámi, a ti jẹ ẹja yín o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ta lẹ pè sí i?"

Múìnátù bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ní kí èèyàn wá jẹun, ẹ jẹ́ kó ti inú yín wá. Oore tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe fún un, ẹ ṣe é nígbà tó ṣì jókòó tì yín. Múìnátù rò pé ẹja ni àárò rẹ̀ ń sọ òun, àṣé àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ́ ni. Ilé tó ń wá kiri wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ omi ọbẹ̀ lásán ni Múìnátù bù fún un.